Owó orí mílíọ̀nù méjì lórí alámàlà kan ní Kubwa

Ìwé tí obìnrin yìí gbà ní 2025 sọ pé owó orí tó jẹ ìjọba lórí ohun tó rí ní 2024 jẹ́ ₦1,990,400. Àmàlà ló ń tà ní Kubwa, lágbègbè Àbújá. Gbogbo èrè rẹ̀ lọ́dún náà kò tó owó tí wọ́n ní kó san. Síbẹ̀, òṣìṣẹ́ tó ṣírò owó náà kò ṣe màgòmágó kankan, kò sì rú òfin. Bí irú èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀, àti bí a ṣe bá a tú u, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún àwa tí à ń bá àwọn èèyàn wa ṣe ìwé owó orí nílùú Àbújá. Mo ti sọ àwọn iye owó di èyí tó rọrùn láti kà, mo sì yọ ohun tó lè jẹ́ kí wọ́n dá ìdílé náà mọ̀ kúrò.

Ọkọ jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní Wuse, ₦150,000 ni owó oṣù rẹ̀. Kí owó náà tó dé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á ti yọ ₦12,000 fún owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n á sì ti yọ owó orí nǹkan bíi ₦11,140, èyí tó ń di ₦133,712 lọ́dún. Ìyàwó ń ta àmàlà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, ọmọbìnrin méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́. Òun náà tún ni alájọ àwọn obìnrin ọlọ́jà àdúgbò: ogún èèyàn, ₦1,000 lójúmọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ sí oṣù kan. Bí àṣà àjọ ṣe rí, owó ọjọ́ kan nínú oṣù jẹ́ ti alájọ. Nítorí náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kó ₦29,000, òun sì ń mú ₦20,000. Àkáǹtì báńkì kan ṣoṣo ló ní. Owó oúnjẹ, owó àjọ, owó tí àwọn àbúrò rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ fún ìtọ́jú ojú ìyá wọn ní Ìlọrin, inú àkáǹtì kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń bá wọlé.

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ló fa ọ̀rọ̀ náà jáde. Wọ́n fẹ́ kó máa se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn olùkọ́ wọn, wọ́n wá ní kó mú ìwé ẹ̀rí owó orí ọdún mẹ́ta wá. Ọkọ rẹ̀ fi tirẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ilé ẹ̀kọ́ dá a padà. Lójú tọkọtaya yìí, owó tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù baálé ti san ti gbogbo ilé. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Láyé haraji, ìyẹn owó orí àtijọ́ ní ilẹ̀ Hausa, tí ìjọba Kánò àti ti Kàdúná fagi lé lẹ́yìn ìdìbò 1979, ọkùnrin ni wọ́n máa ń kà láàárín agbo ilé, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ṣì ń fi ojú yẹn wo owó orí títí di òní. Òfin tí à ń lò báyìí kò mọ agbo ilé rárá. Ẹni tó bá ń rí owó ló mọ̀. Ọkọ lè san tirẹ̀ láìku kọ́bọ̀, kí ìyàwó sì jẹ gbèsè ọdún mẹ́ta.

Obìnrin náà gba ọ́fíìsì owó orí lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ní kó mú ìwé ìṣírò ọjà rẹ̀ wá àti ìwé tí báńkì fi ń ṣàlàyé bí owó ṣe wọlé tó sì jáde. Kò ní ìwé ìṣírò kankan tó rò pé ó yẹ kí òun gbé síwájú ìjọba. Ti báńkì nìkan ló mú lọ.

Ibẹ̀ ni mílíọ̀nù méjì ti wá. Bí ẹni tó ń ṣòwò kò bá kọ ohun tó rí sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, òfin fún òṣìṣẹ́ owó orí láṣẹ láti fi òye ara rẹ̀ díwọ̀n. Òṣìṣẹ́ yìí ro gbogbo owó tó wọ àkáǹtì náà ní 2024 pọ̀, ó sì jẹ́ ₦11,700,000. Ó yọ ìdẹ̀ra (iye tí wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀) tí òfin ìgbà náà fún gbogbo èèyàn kúrò, ìyẹn ₦200,000 pẹ̀lú ìdá kan nínú márùn-ún owó tó wọlé. Ó ku ₦9,160,000. Òfin àtijọ́, tí wọ́n lò títí di ìparí 2025, a máa ti 7% gòkè, á gba 11%, 15%, 19% àti 21%, tí owó bá sì kọjá ₦3,200,000, á di 24%. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ₦1,990,400 náà ni ẹ ó bá níbẹ̀. Kò ṣi ìṣírò. Owó àjọ ogún obìnrin, owó ojú ìyá arúgbó àti owó ẹran tí kò tíì san fún ẹlẹ́ran ni wọ́n jọ di "èrè" rẹ̀. Ìwé ọdún méjì tó ṣáájú náà wá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti 2024 yìí nìkan ni màá fi ṣàlàyé.

Láti ọjọ́ tí ìwé bá tẹ ènìyàn lọ́wọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún un láti kọ̀wé takò ó. Bí ọjọ́ náà bá kọjá láìsí lẹ́tà, iye tí wọ́n kọ ti di gbèsè tòótọ́ nìyẹn, bó ti wù kó burú tó. Ìdílé yìí fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà ṣòfò, ohun méjì ló sì fà á. Èkíní ni bàbá ọkọ. Ọmọ ìgbèríko Ìbàdàn ni wọ́n, wọ́n rí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà 1968 sí 1969 lójú wọn, wọ́n sì ránṣẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé owó orí kankan: ẹni tó bá dá agbowó orí lóhùn ti gbà pé òun jẹ gbèsè. Ìmọ̀ràn àgbà ni, ó sì bá ìgbà tiwọn mu, nítorí àwọn agbowó orí nígbà náà a máa wọ oko lọ mú èèyàn. Lóde òní, ẹni tó dákẹ́ ló gbà pé òun jẹ gbèsè. Ohun kejì burú ju ìyẹn lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan ládùúgbò ní òun máa bá wọn gba ìwé ẹ̀rí náà jáde ní ₦150,000 láìsí pé wọ́n ń dé ọ́fíìsì kankan. Ọkọ ti ń wá owó náà kiri. Ohun tó gbà wọ́n ni pé ilé ẹ̀kọ́ sọ pé àwọn máa fi nọ́ńbà orí ìwé yẹ̀ ẹ́ wò kí àwọn tó gbà á.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, ọjọ́ tó kù kò gba kéèyàn máa wá ẹ̀rí kiri. Lẹ́tà la kọ́kọ́ kọ. A kọ ohun tí a takò sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: pé owó àjọ kì í ṣe tirẹ̀, pé owó ìtọ́jú ìyá kì í ṣe èrè, pé wọn kò yọ ìnáwó ọjà kankan. A fi iye tí a rò pé ó tọ́ sí i, a sì gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiwa. Lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, irú èyí tó ń sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, nǹkan ò rọgbọ", kò lè dá ọjọ́ dúró. Mo sọ èyí nítorí mo ti rí ọ̀pọ̀ rẹ̀ nínú fáìlì àwọn èèyàn.

Ọ́fíìsì pè wá. Ìwé àjọ obìnrin náà la gbé síwájú, ìwé ọmọ iléèwé tó ti gbó, orúkọ àti àmì òjoojúmọ́ nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó wá sọ pé ẹnikẹ́ni lè jókòó lóru kan kó kọ irú ìwé yìí. Òtítọ́ ló sọ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí obìnrin náà fi èdè Hausa tó gbọ́ lọ́jà bi í léèrè pé: àwọn tí òun kó owó fún ńkọ́, ṣé ìwé báńkì ò rí wọn ni?

Gbogbo wa ti ń wo apá ibi tí owó ti ń wọlé. Obìnrin náà yí ìwé báńkì náà sí apá ibi tó ti ń jáde. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ₦29,000 ń jáde lọ́nà ogún, sí orúkọ ogún èèyàn, oṣù dé oṣù, orúkọ wọn sì bá ti inú ìwé gbígbó náà mu. Lọ́jọ́ kejì, ó mú káàdì àjọ lọ́dọ̀ àwọn obìnrin mọ́kànlá wá. Òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń fi bírò sàmì sí wọn. Bí ₦7,200,000 ṣe kúrò nínú "èrè" rẹ̀ nìyẹn. Rísíìtì ilé ìwòsàn ojú sì yọ ₦600,000 tí àwọn àbúrò fi ránṣẹ́.

Àsìkò yìí ni èmi àti obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Mo ní a máa kọ ₦20,000 tó ń mú lóṣooṣù lórí àjọ sílẹ̀, ìyẹn ₦240,000 lọ́dún.

"Bọ̀ọ̀dá, èyí tí wọn ò tíì bèèrè lẹ fẹ́ fi hàn wọ́n?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, a sì tún máa kọ owó oúnjẹ tí wọ́n fi owó lásán san, tí kò dé báńkì rí. Ìyẹn nǹkan bíi ₦2,600,000. Ọkọ rẹ̀ wò mí bíi pé ìjọba ló gbà mí síṣẹ́. Ìdí mi rèé: ohun tó ná lórí ọjà náà lọ́dún jẹ́ ₦5,560,000. Bí a bá sọ pé ₦3,900,000 tó gba báńkì wọlé nìkan ló tà, ìnáwó ti ju ọjà lọ, ta ni yóò gbà pé èèyàn ń pàdánù bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún tó sì ṣì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀? Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n gba ìnáwó òun gbọ́dọ̀ fi gbogbo ọjà òun hàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ₦20,000 yẹn ló ń sọ àjọ di àjọ lójú òṣìṣẹ́ náà. Àjọ tí alájọ kò jẹ nǹkan kan lórí rẹ̀, ó máa ń rùn.

Ìnáwó ló kù, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì rọrùn láti rí. Ọlọ́jà wo ló ń fúnni ní rísíìtì ata? A rí ìwé ẹrù ọkọ̀ tó ń kó èlùbọ́ láti Ṣakí. A rí ti gáàsì. Fún ẹran, Alhaji tó ń tà á fún un láwìn ní ìwé gbèsè tirẹ̀, Àjàmí, ìyẹn èdè Hausa tí wọ́n fi álífábẹ́ẹ̀tì Lárúbáwá kọ, ló fi kọ ọ́, mo sì rò pé asán ni yóò já sí. Òṣìṣẹ́ náà gbà á, ó sì ń kà á geere. Nínú gbogbo ìwé tí a gbé wá, ó jọ pé òun ló gbà gbọ́ jù, nítorí ẹlẹ́ran tó ń kọ gbèsè tirẹ̀ sílẹ̀ kò ní ìdí láti purọ́ fún alámàlà. Ibi tí kò ti sí ìwé rárá, ó fi iye tí àwọn olóúnjẹ yòókù ládùúgbò ń ná díwọ̀n rẹ̀.

Níkẹyìn, ọjà ₦6,500,000, ìnáwó ₦5,560,000, èrè ₦940,000. Fi ₦240,000 àjọ kún un, ó di ₦1,180,000. Owó orí rẹ̀ wá jẹ́ ₦75,600. Ó san án, ó san ti ọdún méjì yòókù tí a tún ṣe bákan náà, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn kó tó jáde.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohun tí ìdílé yìí ń san, nítorí lórí rédíò, ohun tí mo sábà ń gbọ́ ni pé owó orí ló ń pa mẹ̀kúnnù. Tọkọtaya yìí rí ₦2,980,000 láàárín ara wọn ní 2024. Owó orí àwọn méjèèjì jẹ́ ₦209,312, nǹkan bíi náírà méje nínú ọgọ́rùn-ún. VAT, ìyẹn owó orí tó wà lórí ọjà, 7.5%, tún wà nínú ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń rà, bíi káàdì fóònù àti ọṣẹ. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò ní láti gba VAT lọ́wọ́ oníbàárà, nítorí ọjà rẹ̀ kò tó ₦25 mílíọ̀nù tí òfin ìgbà náà là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìnáwó rẹ̀, mo rí òmíràn: ₦118,000 lọ́dún tó fún àwọn tó ń wá gba owó lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ₦200 níbí, ₦500 lọ́hùn-ún, láìsí rísíìtì. Èyí tó ní rísíìtì nínú irú owó bẹ́ẹ̀ kò ju ₦40,000 lọ. Ìyẹn ni pé owó tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan ju owó orí tó san lọ, a kò sì lè yọ ọ́ kúrò lára èrè rẹ̀ nítorí kò sí ẹ̀rí. Ó san án tán, ó tún san owó orí lé e lórí. Láti 1998 ni òfin ti wà tó to àwọn owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí lẹ́sẹẹsẹ, tó sì kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni dínà fún ọkọ̀ kó lè gba owó orí. Ẹni tó bá fẹ́ dín ìnira ìdílé bí irú èyí kù, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé orí iye tí wọ́n ń gbà nínú ọgọ́rùn-ún.

Òfin tuntun tí Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lù ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026, tún yí ìṣírò náà padà. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí kankan. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e jẹ́ 15%, lẹ́yìn náà ó ń gòkè dé 25% fún owó tó bá kọjá ₦50 mílíọ̀nù. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, ₦70,000, kò san nǹkan kan. Ìdẹ̀ra ₦200,000 àtijọ́ ti lọ, ìdá kan nínú márùn-ún owó tó wọlé náà ti bá a lọ. Ìdẹ̀ra owó ilé ló wọlé dípò wọn: ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé téèyàn san lọ́dún, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Bí èrè obìnrin yìí bá dúró bó ṣe wà, ₦57,000 ni yóò san. Ọkọ yóò san ₦128,400, tó bá sì lè fi ẹ̀rí owó ilé wọn hàn, ₦600,000 lọ́dún, yóò já sí ₦110,400.

Nínú iṣẹ́ mi, ohun tí mo ti yí padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀. Èmi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìwé báńkì nìkan lọ síwájú òṣìṣẹ́ owó orí mọ́. Apá tí owó ti ń jáde ni mo kọ́kọ́ ń kà, mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo owó ńlá tó wọlé kó tó kúrò lọ́wọ́ mi. Gbogbo alájọ tó bá wá ni mò ń ní kó ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún àjọ. Àwọn kan ń ṣe é, púpọ̀ kò ṣe é, wọ́n ní owó tí báńkì ń yọ ti pọ̀ jù. Fún irú wọn, káàdì àwọn olùdájọ ni mo ń ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ lóṣooṣù. Bí ìwé ìdíwọ̀n bá ti dé, kò sí ẹ̀rí tí mò ń dúró dè kí n tó kọ̀wé takò ó; ẹ̀rí lè tẹ̀ lé lẹ́tà, lẹ́tà kò lè tẹ̀ lé ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹni tó ń gbé Mararaba (ìpínlẹ̀ Nasarawa) tàbí Suleja (ìpínlẹ̀ Niger) tó ń ṣiṣẹ́ nínú Àbújá, ibi tó ń gbé ni mo kọ́kọ́ ń bi í, nítorí ibi téèyàn ń gbé ni owó orí rẹ̀ ń bá lọ, kì í ṣe ibi tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ owó ilé yẹn ni ó ṣì wà lọ́wọ́ wa. Onílé wọn kò fẹ́ kọ ₦600,000 sórí rísíìtì, ₦250,000 ló fẹ́ kọ, nítorí òun náà mọ̀ pé ìdẹ̀ra ayálégbé ni ẹ̀rí owó tó ń wọlé fún onílé. Ìyàwó ló sì ń san ìlàjì owó náà, bẹ́ẹ̀ orúkọ ọkọ nìkan ló wà lórí ìwé àdéhùn. Fún ọdún yìí, mo ti ní kí wọ́n san án láti báńkì, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san ìlàjì tirẹ̀ láti àkáǹtì tirẹ̀, kí wọ́n kọ "owó ilé" àti ọdún tó jẹ́ ti rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́, kí wọ́n sì fi orúkọ ìyàwó kún ìwé àdéhùn. Onílé ti fọwọ́ sí ti orúkọ. Ti iye owó, ó ní òun ṣì ń ronú.